Oògùn Họ́mọ́ọ̀nù fún Irorẹ́ Obìnrin: Ta Ló Bi Yín Léèrè Kí Ẹ Tó Gbé E Mì?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn obìnrin ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì

Nígbà tí àwọn tó pè mí gbọ́ pé irorẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹnì kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé irorẹ́ náà ni apòògùn fẹ́ wá dúró sọ ní gbangba, nígbà tí ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí irorẹ́ kò bá fojú rẹ̀ ṣe ilé rí ló ń pè é ní nǹkan kékeré. Mo mọ obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ti bímọ méjì, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò òun níbi ìnáwó. Aṣọ ẹbí á wà lọ́rùn rẹ̀, gèlè á dúró dáadáa, ṣùgbọ́n tí oníkámẹ́rà bá ti yọjú, ó ti wọlé lọ bu omi.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò pọ̀. Oògùn họ́mọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́ fún irorẹ́ obìnrin, ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì lè lò ó láìséwu. Ewu inú rẹ̀ kò tó èyí tí à ń gbọ́ lẹ́nu èèyàn, ṣùgbọ́n ó wà, àwọn obìnrin kan sì wà tó tètè ń mú ju àwọn yòókù lọ. Ìbéèrè díẹ̀ àti wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru la fi ń mọ irú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé à ń ra oògùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi wá ní nǹkan kan ju "eélòó lẹ mú wá?" lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ara. Lábẹ́ awọ ojú, nídìí irun kéékèèké tó wà níbẹ̀, ẹ̀yà kan wà tó ń pèsè ọ̀rá. Ọ̀rá yìí ni kì í jẹ́ kí ojú gbẹ. Àwọn họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní androgen, tí testosterone wà lára wọn, ló ń pàṣẹ fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọkùnrin nìkan ló ni testosterone. Obìnrin náà ní tirẹ̀ níwọ̀nba. Ilé ẹyin ló ń ṣe é, àti ẹ̀yà kan tó jókòó sórí kíndìnrín. Bí ó bá pọ̀ jù, tàbí bí awọ ẹni bá tètè ń gbọ́ tirẹ̀ jù, ọ̀rá á pọ̀, awọ tó ti kú á dí ẹnu ihò irun, kòkòrò tó ti ń gbé níbẹ̀ jẹ́jẹ́ á máa bí sí i, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á kó ọyún. Ìdọ̀tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń fi ọṣẹ dúdú fọ ojú lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ kàn ń bó ara rẹ̀ lójú ni, ẹni tó sì ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á kí ó tó bọ́ sínú oòrùn ń wá iná tí yóò jó o.

Irorẹ́ tí họ́mọ́ọ̀nù ní ọwọ́ nínú a máa fẹ́ràn àgbọ̀n, ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn, a sì máa le sí i nígbà tí nǹkan oṣù bá ku ọ̀sẹ̀ kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àpá tó ń fi sílẹ̀ ló burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Irorẹ́ lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí àpá dúdú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àpá yìí ló ń lé wa dé ìdí kíríìmù tí n óò bá yín jà lé lórí láìpẹ́.

Bí irorẹ́ bá wá pẹ̀lú irùngbọ̀n, tí nǹkan oṣù sì ń fo oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní tojú nìkan. Nílẹ̀ wa, wọ́n á ní obìnrin tó nírùngbọ̀n olówó ni, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn ilé ẹyin tí àwọn dókítà ń pè ní PCOS. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń ṣe nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́wàá tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, àti pé ó lè tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí kò mọ̀ pé òun ní in. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò àyẹ̀wò ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, torí àwọn àìsàn méjèèjì yìí ń tẹ̀lé e kiri. Kó má jókòó sídìí dígí nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíá: họ́mọ́ọ̀nù kọ́ ni a kọ́kọ́ ń gbé fún onírorẹ́. Ìpara benzoyl peroxide tàbí adapalene ló ṣáájú. Wọ́n wà ní fámásì, wọn kì í sì ṣe ìpara ìbóra. Ẹni tó bá ń lo benzoyl peroxide kó fi aṣọ ìrọ̀rí funfun sùn, torí ó máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ. Bí wọ̀nyẹn kò bá tó, tàbí tí irorẹ́ bá ń padà wá lóṣooṣù, ìgbà náà la ó wá sọ̀rọ̀ họ́mọ́ọ̀nù.

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù ni oníhóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí, irú tó ní họ́mọ́ọ̀nù méjì nínú, estrogen àti progestin. Microgynon wà lára wọn. Ó ń dín androgen tí ilé ẹyin ń ṣe kù, ó sì ń mú kí ẹ̀dọ̀ pèsè ohun tó ń di testosterone mú nínú ẹ̀jẹ̀, kó má baà ráyè dé awọ.

Èkìtì ni mo ti ń sọ̀rọ̀, n kò gbọdọ̀ kúrò lórí pèpéle láìdárúkọ iṣu. Láàárín ọdún 1940 sí 1945, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Russell Marker rí iṣu igbó kan ní Mẹ́síkò, ó sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe họ́mọ́ọ̀nù progesterone. Ó bá àwọn kan dá ilé iṣẹ́ Syntex sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1944. Syntex yìí náà ni Carl Djerassi, George Rosenkranz àti Luis Miramontes ti ṣe norethisterone ní 1951, ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹ má torí èyí máa gún iyán sí irorẹ́ o. Ẹ jẹ iyán yín nítorí pé ó dùn. Ara èèyàn kò lè sọ iṣu di họ́mọ́ọ̀nù, inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń yí i padà. Ẹni tó bá ń ta àgúnmu iṣu igbó fún yín pé ó ń tún họ́mọ́ọ̀nù ṣe, èlùbọ́ olówó iyebíye ló tà fún yín.

Ṣé oníhóró yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ìbàdàn ni ẹni tó ṣíwájú àwọn tó dáhùn ìbéèrè náà fún gbogbo ayé ti ṣiṣẹ́. Ayodele Arowojolu, tó jẹ́ dókítà àwọn obìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo ìwádìí tó yè kooro lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ fún àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, ìwádìí 31 ló wà níbẹ̀, obìnrin 12,579. Níbi tí wọ́n ti fi oníhóró wé èyí tí kò ní oògùn kankan nínú, oníhóró ló ń borí. Láàárín oògùn kan sí òmíràn, ìyàtọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí mo mọ àwọn tó ń jẹ gbèsè nítorí oògùn tí wọ́n mú ti òkè òkun bọ̀, nígbà tí irú rẹ̀ tó rọjú wà nítòsí.

Sùúrù ni kò sí. Oníhóró kì í mú irorẹ́ lọ lọ́sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́ta ni kí ẹ fún un kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Nínú oṣù àkọ́kọ́, ọyàn lè máa ro yín, èébì lè máa gbé yín díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán nígbà tí kò yẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí á kásẹ̀ nílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ti ewu, ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń bà yín lẹ́rù, ó sì yẹ kó bà yín lẹ́rù díẹ̀. Estrogen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Bí èyí tó dì bá já, tó bá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ṣírò rẹ̀ báyìí: nínú 10,000 obìnrin tí kò lo oníhóró, tí wọn kò sì lóyún, nǹkan bí 2 ni ẹ̀jẹ̀ ń dì sí lára lọ́dún kan. Nínú àwọn tó ń lo èyí tó ní levonorgestrel, irú Microgynon, 5 sí 7 ni. Nínú àwọn tó ń lo èyí tó ní drospirenone, 9 sí 12. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ṣírò ti aboyún, wọ́n ní 5 sí 20 nínú 10,000, ti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sì jẹ́ 40 sí 65. Mo ti sọ èyí níbi tí ìyàwó ilé kan ti ní, "Ó túmọ̀ sí pé oyún tí wọ́n ń kí mi kú oríire rẹ̀ léwu ju oògùn tí wọ́n ń fi bú mi lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ilẹ̀ Faransé la ti rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí tí a bá fi àìbìkítà mú un. Diane-35, oníhóró kan tó ní cyproterone nínú, irorẹ́ ni wọ́n fọwọ́ sí i fún níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò ó bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lásán. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ìjọba wọn kéde pé àwọn máa dá títà rẹ̀ dúró, lẹ́yìn tí wọ́n so ikú obìnrin mẹ́rin mọ́ ọn nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì. Yúróòpù tún un yẹ̀ wò lọ́dún náà, wọ́n ní àǹfààní rẹ̀ ṣì ju ewu rẹ̀ lọ, bí a bá lò ó fún ẹni tó yẹ: obìnrin tí irorẹ́ rẹ̀ le, tí ìpara àti oògùn apakòkòrò kò ràn, kó má sì dà á pọ̀ mọ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mìíràn. Faransé padà gbà á sórí àtẹ ní 2014. Lójú tèmi, ìdájọ́ tó dáa ni. Wọn kò sọ pé oògùn náà burú, wọ́n ní kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ń fún.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ fojú inú wò ó. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ ẹ̀rọ wé apá òsì yín, lókè ìgúnpá, ó ń fún rọ́bà rẹ̀. Apá á le, ọwọ́ á fẹ́ máa rìn yín, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ á rọra máa jáde. Bí nọ́mbà òkè bá tó 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 90, oníhóró tó ní estrogen nínú kì í ṣe ti yín. Bó ṣe ń tú aṣọ náà ni á ti máa bi yín: ọmọ ọdún mélòó ni yín, ṣé ẹ ń mu sìgá? Ẹni tó bá ti pé 35, tó ń mu sìgá, kò gbọdọ̀ lò ó. Ṣé ẹ̀fọ́rí túúlu máa ń ṣe yín, tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ yẹ̀rì tàbí tí ojú á ṣú kó tó bẹ̀rẹ̀? Ìdí tó fi ń bèèrè ni pé irú túúlu bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú estrogen lè fa rọpárọsẹ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí yín lára rí, tàbí sí ìyá yín, tàbí sí ẹ̀gbọ́n yín? Ṣé ẹ ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí? Ṣé ẹ̀dọ̀ ń yọ yín lẹ́nu? Ṣé ẹ ń fún ọmọ lọ́yàn, ọmọ náà kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà? Ṣé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín? Ṣé ẹ ń lo oògùn ikọ́ ìfe tó ní rifampicin tàbí oògùn wárápá? Ìwọ̀nyí lè sọ oníhóró di òfìfo. Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà láti dì tẹ́lẹ̀. Kó bá dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. AS kò ní wàhálà yìí. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń lò ó, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń ro yín, tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí mímí kò já geere, tí ẹ̀fọ́rí burúkú kan bá dé lójijì, tàbí tí ojú bá ṣú, ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de àárọ̀.

Ti jẹjẹrẹ ọyàn ńkọ́? Wọ́n tẹ̀lé obìnrin tó lé ní mílíọ̀nù kan àti 800,000 ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Bí obìnrin 7,690 bá lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhọ́mọ́ọ̀nù fún ọdún kan, nǹkan bí ẹyọ ọ̀kan ló ń fi kún iye àwọn tí jẹjẹrẹ ọyàn ń mú. Oníhóró yìí kan náà ń dín jẹjẹrẹ ilé ọmọ àti ti ilé ẹyin kù. Mo sọ méjèèjì torí ẹni tó bá sọ ọ̀kan fún yín láìsọ èkejì ti pinnu fún yín.

Oògùn kejì ni spironolactone. Aldactone ni orúkọ tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Bàbá tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ni wọ́n máa ń kọ ọ́ fún. Ó ń dí androgen lọ́nà lára awọ. Kò sí ìwé àṣẹ irorẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà awọ ara ti ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ní 2023, àwọn olùwádìí tí Yunifásítì Southampton ṣíwájú wọn ní Ìlú Ọba gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 410. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìyàtọ̀ tí àwọn obìnrin náà fúnra wọn rí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ní ọ̀sẹ̀ 24, nǹkan bí 82 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ló ní ojú àwọn ti dára sí i, nígbà tí ó jẹ́ 63 láàárín àwọn tí wọ́n fún ní èyí tí kò ní oògùn nínú. Ẹ̀fọ́rí ló ṣe wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Sùúrù tirẹ̀ tún gùn ju ti oníhóró lọ.

Ó ń mú kí potassium dúró nínú ẹ̀jẹ̀. Fún ọ̀dọ́bìnrin tí ara rẹ̀ le, èyí kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ní àbùkù, tàbí tí èèyàn ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tó tún lọ gbé Septrin mì nítorí inú rírun, potassium lè ga débi tí ọkàn á ṣe ségesège. Septrin tí à ń rà bí èèyàn ṣe ń ra súìtì ni mo ń wí o. Obìnrin tó lè lóyún kò gbọdọ̀ lo spironolactone láìní ìfètò-sọ́mọ-bíbí, torí ó lè ṣe ìpalára fún ẹ̀yà ara ọkùnrin ọmọ inú oyún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, tàbí tí wọ́n fi ọ̀pá tínńtín sí lápá, progestin nìkan ló wà nínú ti yín. Ó ń ṣiṣẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè mú irorẹ́ peléke lójú àwọn kan. Bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó fi í síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bíléèdì yọ ọ́ fún yín nínú ilé. Postinor, oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún, òun náà kì í ṣe oògùn irorẹ́.

Mo ti dé ìdí kíríìmù. Ẹ lọ sí ọjà èyíkéyìí láti ibí dé Ìkẹ́rẹ́, ẹ ó rí àwọn túùbù kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ. Funbact-A wà lára wọn. Betamethasone, clotrimazole àti neomycin ló wà nínú rẹ̀. Betamethasone, họ́mọ́ọ̀nù ni òun náà, sítẹ́rọ́ọ̀dù, ó sì lágbára. Dókítà lè kọ ọ́ fún àrùn awọ kan fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn obìnrin wa ń fi í para lójú fún ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pípọ́n irorẹ́ á lọ, àpá á mọ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ á bèèrè pé kí lo ń lò. Lẹ́yìn náà awọ á fẹ́lẹ́, iṣan pupa á máa hàn lẹ́rẹ̀kẹ́, irun á hù sójú, irorẹ́ mìíràn á yọ tó kún ojú láìyọ ibì kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró, ojú á gbiná, wọ́n á sì sáré padà lọ rà á. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé obìnrin tó ń bẹ̀rù Microgynon nítorí họ́mọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ni mo ń rí tó ń fi họ́mọ́ọ̀nù yìí para láàárọ̀ lálẹ́. Ẹni tó ti lò ó pẹ́ kó má dá a dúró lójijì. Kó lọ rí dókítà awọ ara.

Ìdí tí wọ́n fi ń yan túùbù yẹn kò ṣòro láti mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bú èèyàn nítorí túùbù, oníhóró ni wọ́n ń torí rẹ̀ bú èèyàn. Ìyá kan gbé páálí oníhóró kan wá bá mi, ó ká a mọ́ inú ìdí aṣọ rẹ̀ bí owó. "Àǹtí, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Inú báàgì ọmọ mi ni mo ti rí i. Ọmọ ogún ọdún! Ta ló ń gbé e kiri?" Mo ní kí ó jókòó. Mo tú páálí náà, mo fi ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ hàn án, hóró kan fún ọjọ́ kan, mo sì fi ìwé tí dókítà kọ hàn án níbi tí ọmọ ká a sí nínú rẹ̀: irorẹ́. Ó wò mí, ó wo ìwé. "Kò ní bà á nílé ọmọ jẹ́?" Mo ní rárá, Màmá, bó bá ti dá oníhóró dúró, ilé ẹyin á padà sẹ́nu iṣẹ́, kì í pẹ́. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ló máa ń pẹ́ díẹ̀ kí oyún tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun náà kì í sì í ba ilé ọmọ jẹ́. Kò gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ká páálí rẹ̀, ó lọ. Ọmọ yẹn kò lo oògùn náà mọ́, mo sì rí i lẹ́yìn náà pẹ̀lú ojú tó ti bó.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Bí ẹ bá rí páálí lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó bú u. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá lọ́kọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti nọ́ọ̀sì lọ, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó. Ẹ mú orúkọ gbogbo oògùn àti túùbù tí ẹ ti lò dání, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti dárúkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ ta oògùn họ́mọ́ọ̀nù fún yín láìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ kí i, kí ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ sì máa lọ.